ILẸ̀ Ń TÈTÈ ṢÚ
Ẹ̀kọ́ lórí ìmọ́lẹ̀ àti òjò oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun tí gbogbo yín ti mọ̀ kí ẹ tó mọ ìwé kà: bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, àti bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Ẹ lè wí pé, "Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ìyẹn?" Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó kọ́ èmi fúnra mi lọ́gbọ́n.

Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbà ní Goubi níbí, èmi ni mo dá àkókò kíláàsì. Mo ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni a ó máa bẹ̀rẹ̀, aago 6 ni a ó sì máa parí. A kò ní fìtílà nígbà náà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni a fi ń kàwé. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ dáadáa. Bí a bá ti ń pa ìwé dé ni a ń gbọ́ ìpè ìrun Mọ̀gàrí, oníkálukú a sì lọ.

Nígbà tí oṣù kẹwàá wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Wọn a máa wo ìta. Kí aago 6 tó lù, àwọn kan a ti dìde. Inú bí mi. Mo na aago ọwọ́ mi sí wọn, mo ní, "Ó ku ogún ìṣẹ́jú! Ẹ jókòó." Ìyá àgbà kan dáhùn pé, "Olùkọ́, ọmọ mi, aago rẹ kò mọ ọ̀nà oko." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ìyá náà wí. Mo rò pé ìwé ni kò wù wọ́n.

Ní ọjọ́ kan ní ìparí oṣù náà, mo dá wọn dúró títí ó fi di aago 6 gan-an. Ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wa ń gbé ní abà. Bí ó ti ń lọ nínú òkùnkùn láàrin koríko gíga, ó tẹ paramọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Alùpùpù ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé kò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi dùbúlẹ̀, ìgbà ìkórè sì ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwa tí a jọ wà ní kíláàsì ni a bá a wa iṣu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: kí ló dé tí aago 6 oṣù kẹsàn-án mọ́lẹ̀, tí aago 6 oṣù kẹwàá sì dúdú?

A ra ìwé kan. A ń kọ àkókò tí oòrùn yọ àti àkókò tí ó wọ̀ sínú rẹ̀. Ọkùnrin tí ejò bù jẹ ni ó ń tọ́jú ìwé náà, nítorí kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó o. Nígbà mìíràn ìkúukùu a máa bo oòrùn, a ò ní rí nǹkan kọ. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í yí ìṣe rẹ̀ padà láti ọdún dé ọdún. Ohun tí a kò rí lọ́dún kan, a lè rí i lọ́dún kejì. Ẹ wo bí ó ṣe rí ní agbègbè wa, ní Goubi àti Kambolé. Ó lè fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì yàtọ̀ ní Tchamba tàbí ní Sokodé:

Ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án: oòrùn yọ ní aago 5:45, ó wọ̀ ní aago 6:02.
Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án: ó yọ ní 5:44, ó wọ̀ ní 5:54.
Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá: ó yọ ní 5:42, ó wọ̀ ní 5:45.
Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá: ó yọ ní 5:41, ó wọ̀ ní 5:38.
Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá: ó yọ ní 5:43, ó wọ̀ ní 5:32.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi ìka sábẹ́ àwọn nọ́ńbà àárọ̀. Ṣé ẹ rí i pé wọn kò kúrò lójú kan? Ní oṣù méjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni àárọ̀ fi yí padà. Ẹ wá fi ìka sábẹ́ àwọn nọ́ńbà ìrọ̀lẹ́. Láti 6:02 sí 5:32: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń tan ènìyàn jẹ. Àkókò tí ẹ ń jí lọ sí oko kò yí padà, ìrun Àsùbáà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tí ó wà, ẹ óò sì rò pé ọjọ́ kò yàtọ̀. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni olè ń jà.

Kí ló fà á? Nǹkan méjì ni. Ẹ fara balẹ̀, nítorí ibí yìí ni ó le díẹ̀.

Èkíní rọrùn. Ayé tí a ń gbé inú rẹ̀ ń yí bí òkòtó tí ọmọdé ta. Òkòtó náà kò dúró ṣánṣán. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó ti ń yí ni ó tún ń rìn yí oòrùn ká, ọdún kan ni ó sì fi ń yí i ká tán. Nítorí pé ó tẹ̀, ní oṣù kẹfà apá àríwá ni ó kọjú sí oòrùn jù. Ní oṣù kejìlá, apá gúúsù ni. Nítorí náà lójú wa, oòrùn ń rìn lọ sí àríwá, ó sì ń rìn padà sí gúúsù. Ní ìparí oṣù kẹjọ, ní nǹkan bí ọjọ́ 30, oòrùn a máa wà ní òkè orí wa gan-an ní ọ̀sán. Bí ẹ bá ri igi gbọọrọ kan mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ náà, tí ìkúukùu kò sì bo oòrùn, ìṣẹ́jú kan yóò dé tí igi náà kò ní ní òjìji. Lẹ́yìn ìyẹn, òjìji ọ̀sán a máa na ọwọ́ sí àríwá, a sì máa gùn sí i lójoojúmọ́, nítorí oòrùn ti ń lọ sí gúúsù. Bí oòrùn bá ti ń jìnnà sí wa lọ sí gúúsù bẹ́ẹ̀, ọ̀sán wa a máa kúrú. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, láti yíyọ oòrùn sí wíwọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 17. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ó jẹ́ wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 49. Ìṣẹ́jú 28 ni ó dín. Bí a bá pín in sí méjì, ó yẹ kí àárọ̀ pàdánù 14, kí ìrọ̀lẹ́ náà pàdánù 14.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìwé wa. Nǹkan kejì ni ó fà á. Ẹ padà sí ìdí igi tí a rì mọ́lẹ̀. Ìgbà tí òjìji rẹ̀ bá kúrú jù lọ ni ọ̀sán gangan, èyíinì ni àárín ọjọ́. Aago wa a máa sọ pé aago 12 ni ọ̀sán gangan. Òjìji kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, òjìji kúrú jù ní nǹkan bí aago 11:53. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, aago 11:37 ni. Gbogbo ọjọ́ náà lápapọ̀ ti sún síwájú ní ìṣẹ́jú 16! Ìdí ni pé ọ̀nà tí ayé ń tọ̀ yí oòrùn ká kì í ṣe òbìrípo pípé, òkòtó náà sì tẹ̀ bí mo ti wí. Nítorí náà láti ọ̀sán gangan kan sí èkejì kì í pé wákàtí 24 géérégé lójoojúmọ́. Ní àwọn oṣù méjì wọ̀nyí, ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 16 dín lójúmọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 16 kò tó nǹkan. Kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń bu omi mu. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgọ́ta ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí ìṣẹ́jú 16 yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣe ìṣirò rẹ̀ sára pátákó. Àárọ̀: ọjọ́ tó kúrú ti oòrùn sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 14, ọjọ́ tó sún síwájú sì fà á wá síwájú ní 16. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ó ku 2 péré. Ìrọ̀lẹ́: 14 lọ, 16 tún lọ. 14 àti 16 jẹ́ 30. Ìyẹn ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a ń wá. Ní ọjọ́ tí a ṣe ìṣirò yìí parí, ìyá àgbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè wí pé òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé a kàn wá kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó ń fi kún ewu ọ̀nà. Ní ilẹ̀ wa, oòrùn kì í lọ́ra láti wọ̀. Ó ń wọlẹ̀ ṣánṣán bí ẹni ju òkúta sínú omi. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ó bá wọ̀, ojú kò ní rí ilẹ̀ dáadáa mọ́. Bí oòrùn bá wọ̀ ní 5:32, ní 5:53 ẹsẹ̀ yín kò ní mọ okùn yàtọ̀ sí ejò. Ìgbà yìí gan-an sì ni koríko ga jù, tí eku pọ̀ nínú oko nítorí iṣu àti ẹ̀pà, tí ejò sì ń tẹ̀ lé eku. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá pẹ́ ní oko, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí ó wọ bàtà tó bo kókósẹ̀, kí ó sì máa fi ọ̀pá gbá ọ̀nà níwájú. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má fi abẹ ya ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà wà lójú kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ó tó nípa ìmọ́lẹ̀. Òjò ńkọ́?

Òjò náà ń tẹ̀ lé oòrùn, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Atẹ́gùn méjì ni ó ń ja ìjàkadì lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti òkun wá, láti ìhà Lomé. Ó tutù, ó sì ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Ó gbẹ, ó sì ru eruku. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, atẹ́gùn òkun ti lé èkejì jìnnà réré sí àríwá. Láti oṣù kẹsàn-án ni ti aṣálẹ̀ ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọyẹ́ yóò fi dé.

Ní Sokodé ibùdó kan wà tí wọ́n ti ń wọn òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wíwọn òjò kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ará Jámánì kọ́ ibùdó kan tí wọ́n pè ní Bismarckburg ní ilẹ̀ Adélé ní ọdún 1888, wọ́n sì ń kọ ìròyìn ojú ọjọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn òjò. Kí ni mìlímítà kan òjò? Ẹ fojú inú wo ilẹ̀ kan tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan. Bí lítà omi kan bá rọ̀ sórí rẹ̀, mìlímítà kan nìyẹn. Ní Sokodé, bí a bá pín ọ̀pọ̀ ọdún dọ́gba, òjò oṣù kẹsàn-án a máa lé ní 200 mìlímítà. Ìyẹn ni bídọ̀n onílítà 20 mẹ́wàá, kí wọ́n dà á sórí ilẹ̀ kékeré yẹn láàrin oṣù kan. Ti oṣù kẹwàá jẹ́ nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá fi dé, ó ti ku díẹ̀ kí ó tán. Ní Lomé kò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí òjò ń dá wa dúró sílé ní oṣù kẹjọ, ilẹ̀ gbẹ lọ́dọ̀ wọn, òjò kékeré wọn a sì wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

Òjò oṣù kẹwàá yìí ni àwọn àgbà ń pè ní àrọ̀kúrò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìjì ni ó ń gbé e wá láti ìlà oòrùn, ní ọ̀sán tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Ojú ọ̀run a ṣú, atẹ́gùn a jà, òjò a rọ̀ bí ẹni da garawa nù, a sì dá. Ó dára fún ẹ̀wà àti ọkà bàbà tó wà ní oko. Kò dára fún ẹ̀pà tí ẹ sá sí àgbàlá. Ẹ̀pà tí òjò pa tí ó sì bu, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn. Oró kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè àti yíyan kì í sì í pa á tán. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dun ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀pà náà láti oṣù karùn-ún.

Níbi tí òjò ti yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ nìyí: òjò kì í pa àdéhùn mọ́. Ní ọdún 1983, òjò kò tó ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Ghana, iná jó igbó àti oko kòkó, ebi mú, omi adágún Akosombo sì fà tó bẹ́ẹ̀ tí iná mànàmáná fi di ọ̀wọ́n fún wọn àti fún wa ní Tógò àti Benin. Ní ọdún 2007 ẹ̀wẹ̀, òjò oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án pọ̀ jù. Omi ya wọ ilé ní àríwá Tógò, ní àríwá Ghana àti ní Burkina Faso. Afárá já, oko sì bá omi lọ. Ní ọdún méjèèjì yìí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, oòrùn wọ̀ ní Goubi ní nǹkan bí aago 5:38. Kò fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀ nítorí ebi, kò sì yàtọ̀ nítorí omíyalé.

Ìyá kan nínú kíláàsì wa ní ọmọ ní Chicago, ìlú ńlá kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ láago, ó ní òtútù ti ń bọ̀, ilẹ̀ sì ti ń tètè ṣú. Ìyá náà ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Chicago jìnnà sí àríwá gan-an, nítorí náà títẹ̀ tí òkòtó tẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́nu ju àwa lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, oòrùn ń ràn níbẹ̀ fún wákàtí 13 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ó di wákàtí 10 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ìṣẹ́jú 28 ni àwa pàdánù. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45 ni àwọn pàdánù. Lọ́dọ̀ wọn, àárọ̀ náà ń pẹ́, ìrọ̀lẹ́ náà ń yá. Ewé igi a pupa, a sì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ oṣù kẹwàá, ìrì lè dì sórí koríko bí iyọ̀. Ní ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán wọn àti ọ̀sán wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí ní ọjọ́ náà gbogbo ayé ń gba nǹkan bí wákàtí 12 ìmọ́lẹ̀. Ìyá náà béèrè bóyá ọmọ òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i nínú lẹ́tà. Wọ́n sì kọ ọ́, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ní Bassila, ẹ má jẹ́ kí aago dà yín láàmú. Ní Benin, aago fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa. Bí oòrùn bá wọ̀ ní 5:38 níbí, wọn óò sọ pé aago 6:38 ni lọ́dọ̀ wọn. Oòrùn kan náà ni. Ẹni tó bá wo aago wọn tí ó rò pé ilẹ̀ kò tíì níí ṣú títí di aago 7 ti Goubi, òkùnkùn ni yóò bá a lójú ọ̀nà.

Nísinsìnyí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, a máa ń sún kíláàsì sí aago 4:15, a sì ń parí ní 5:15. Ní ìdajì oṣù kejìlá a tún máa wò ó, nítorí àárín oṣù kọkànlá ni oòrùn ń tètè wọ̀ jù níbí, ní nǹkan bí aago 5:30, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kejìlá ni ọjọ́ kúrú jù.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ri igi kan mọ́lẹ̀ sí àgbàlá rẹ. Fi òkúta sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé ní ọ̀sán. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣé ó gùn sí i, tàbí ó kúrú?

Wo ìwé àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Kọ àkókò Mọ̀gàrí ti ọjọ́ 1 àti ti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Ìṣẹ́jú mélòó ni ó wà láàrin wọn?

Láti oko rẹ dé ilé, ìṣẹ́jú mélòó ni o fi ń rìn? Bí oòrùn bá ń wọ̀ ní aago 5:32, aago mélòó ni ó yẹ kí o gbé ọkọ́ rẹ sí èjìká? Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì kà á sí etí ẹni tí ó jókòó tì ọ́.